Ẹ̀rí Tí Bàbá Mi Jẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ọjọ́ tí bàbá mi lọ jẹ́rìí ta ko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú àlùkálì, adájọ́ ilé ẹjọ́ Mùsùlùmí, nígbà tí a padà délé, mo jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta pẹ̀lú àkàrà, mo sì yó. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa ọjọ́ náà nìyẹn. Ìyá mi kò lè jẹ tirẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí nídìí ààrò, ó ń wo ẹ̀kọ inú ewé bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Mo jẹ tèmi tán, mo bá a jẹ tirẹ̀, mo fọwọ́, mo jáde sí àgbàlá. N kò sunkún. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, ohun tó ṣẹlẹ̀ sì yé mi dáadáa. Ṣùgbọ́n n kò mọ ohunkóhun lára.

Ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n inú rédíò nìkan ni àwa ará Ìlọrin ti ń gbọ́ ọ. Ahunṣọ ni bàbá mi. Abẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa ni òfì rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti òwúrọ̀ títí di ìrun Àlàásàrì. Bí a bá ti kírun Àsùbáà tán, yóò kọ́ àwa ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ àdúgbò mélòó kan ní kéú kó tó lọ sídìí iṣẹ́. Kì í ṣe àáfà ńlá. Wọn kì í pè é síbi wáàsí, kì í sì í wé láwàní. Ohun tó mọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi ìwọ̀nba tó mọ̀ ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni olórí agboolé wa. Bàbá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Bàbá kan náà, ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Bàbá mi ṣì ń rákòrò nígbà tí bàbá wọn kú. Bàbá Àgbà ló ń gbé e kọ́rùn lọ sóko. Òun ló fi í sí ilé kéú, òun ló mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ ní aṣọ híhun, òun náà ló wá ìyàwó fún un. Ìyàwó ọ̀hún ni ìyá mi.

Ó fẹ́ràn èmi náà. Ọdún tí ìyá wọn kú ni wọ́n bí mi, nítorí náà, "Ìyá mi" ni Bàbá Àgbà ń pè mí. Bó bá ti oko dé, yóò pè mí láti ẹnu ọ̀nà: "Ìyá mi dà?" Èmi ni mo máa ń bọ́ sálúbàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èmi ni mo máa ń bu omi àlùwàlá fún un. Nínú àpò dàńṣíkí rẹ̀, ẹ̀pà kì í wọ́n. Mo máa ń ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ láìtọrọ àyè. Àwọn ọmọ tirẹ̀ gan-an kò tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn agboolé wa ni ọkùnrin oníṣẹ́ awọ kan ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́rin. Bàtà ló ń rán, ó ń rán àpò awọ, ó sì ń ṣe gàárì ẹṣin fún àwọn tó lẹ́ṣin. Apá Sókótó ni àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ti wá. Gàmbàrí ni àwọn ará ilé wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dán bíi ti ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ ń ta wàrà. Àárọ̀ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan ni obìnrin náà máa ń gbé igbá wàrà kékeré kan wá fún Bàbá Àgbà, kì í gbowó rẹ̀.

Ìdí tí kì í fi í gbowó ni pé ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé, Bàbá Àgbà ló fi ta wọ́n lọ́rẹ. Kí wọ́n tó bí mi, ilẹ̀gbóná mú Bàbá Àgbà. Gbogbo ilé sá. Àwọn ìyàwó rẹ̀ kó ọmọ lọ sílé bàbá wọn. Bàbá mi kò sí nílé, Ìbàdàn ló wà níbi tó ti ń hun aṣọ fún ọ̀gá rẹ̀. Oníṣẹ́ awọ yìí nìkan ló ń wọlé tọ Bàbá Àgbà lójoojúmọ́. Àìsàn náà ti ṣe é rí ní kékeré, kò bẹ̀rù rẹ̀. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ mímu sí i lẹ́nu, ó ń fọ aṣọ tó ń bọ́ lára rẹ̀. Nígbà tí ara Bàbá Àgbà yá, tí bàbá mi náà sì ti dé, ó pe bàbá mi àti àáfà arúgbó kan ládùúgbò, wọ́n jọ lọ sẹ́yìn ilé. Ó dúró sórí ilẹ̀ náà, ó ní, "Ilẹ̀ yìí, mo fún ọ. Tìrẹ ni, ti àwọn ọmọ rẹ ni. Nítorí Ọlọ́run ni mo ṣe fún ọ." Wọ́n tẹ́wọ́, wọ́n ka fátíà. Wọn kò kọ ìwé kankan. Ẹnu ni ìwé nígbà náà.

Oníṣẹ́ awọ kọ́ yàrá méjì síbẹ̀, ó ṣe àtíbàbà tí yóò máa rán awọ lábẹ́ rẹ̀, ó sì gbé ibẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ. Àáfà arúgbó kú. Lẹ́yìn náà ni inú rírun mú oníṣẹ́ awọ fúnra rẹ̀, ọjọ́ kẹta, ó kú. Ọdún náà gan-an ni ìjọba la ọ̀nà tuntun gba ẹ̀yìn agboolé wa. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí tẹ́lẹ̀ wá bọ́ sójú títì. Àkọ́bí Bàbá Àgbà ní ibẹ̀ ni òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. N kò mọ bí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ṣe bá bàbá wọn sọ ọ́, n kò sì mọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí obìnrin oníwàrà ṣe opó tán, tó jáde, Bàbá Àgbà ránṣẹ́ pè é, ó ní, "Ọkọ rẹ ni mo fún láyè láti máa gbé ibẹ̀. Ọkọ rẹ kò sí mọ́. Ẹ wá ibòmíràn lọ."

Obìnrin náà kò bá a jà. Ó dúpẹ́, ó padà sílé. Lọ́jọ́ kejì ló lọ sílé ẹjọ́ àlùkálì. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fún ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, ó ní ẹni méjì ni. Ọ̀kan ti kú. Ìkejì ni bàbá mi.

Àwọn àgbà ilé pe bàbá mi sí ọ̀ọ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àlàásàrì. Mo wà níbẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà ni mo máa ń jókòó sí ní irú àkókò yẹn, kò sì sẹ́ni tó lé mi. Bàbá arúgbó kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àbúrò bàbá wọn ni, òun ló dàgbà jù nínú ilé.

"Kò sẹ́ni tó ní kó o parọ́," ni bàbá arúgbó náà wí. "Ohun tá a ní kó o sọ ò ju pé ó ti pẹ́, o ò rántí mọ́. Ìgbàgbé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́run tó dá wa mọ̀ pé a máa ń gbàgbé."

"Mo rántí, Bàbá," ni bàbá mi dáhùn.

"Ta ló bi ọ́ bóyá o rántí?"

"Àlùkálì ló máa bi mí."

Wọ́n pariwo lé e lórí. Wọ́n ní ó fẹ́ fi ilé bàbá rẹ̀ jin Gàmbàrí. Bàbá Àgbà gbọ́wọ́ sókè, gbogbo wọ́n dákẹ́.

"Ta ló tọ́ ọ?" ló bi bàbá mi.

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló fi ọ́ sí kéú?"

"Ẹ̀yin náà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kéú tẹ́ ẹ fi mí sí ló ń dí mi lọ́wọ́."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí n lọ síbẹ̀. Ẹ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. Tẹ́ ẹ bá ti fi í sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa pè mí mọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Èmi àti àlejò, èwo nínú wa ni tìrẹ?"

"Ẹ̀yin ni tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ pe Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ yẹn, ẹ sì pe èmi náà. Ọlọ́run ò gbàgbé. Kí ni èmi máa wí tí mo fi gbàgbé?"

Bàbá Àgbà dìde. Mo fa sálúbàtà rẹ̀ sún mọ́ ọn bí mo ṣe máa ń ṣe, ó wọ̀ ọ́, ó sì fọwọ́ kan orí mi díẹ̀ kó tó wọlé. Kò tún fọwọ́ kàn mí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, bàbá mi wọ bùbá funfun kan tó jẹ́ pé ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wọ̀ ọ́. Ìyá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Bàbá àwọn ọmọ mi," ló wí, "ibo lẹ máa kó wa lọ lẹ́yìn èyí?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Ta ló máa fa ọmọbìnrin yìí fọ́kọ? Ta ló máa dúró tì wá lọ́jọ́ tá a bá bímọ, lọ́jọ́ tá a bá kú?"

Bàbá mi jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Ó ní, "Ọlọ́run ò ní bi mí pé ará ilé mélòó ló dúró tì mí. Ó máa bi mí pé kí ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ tóun fi síkàáwọ́ mi. Ṣé kí n kọ́ wọn ní ìrun láàárọ̀, kí n wá kọ́ wọn ní irọ́ lọ́sàn-án?"

"Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ," ni ìyá mi wí. "Mo kàn ń béèrè ni."

Bàbá mi ní kí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin wọ bàtà, kí a tẹ̀ lé òun. Ìyá mi di ọwọ́ àbúrò mi mú. Bàbá mi ní, "Kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Kó má jẹ́ pé àwọn ẹlòmíràn ló máa sọ ọ́ fún wọn."

Ilé ẹjọ́ náà kò fẹ̀. Àwa ọmọdé jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, létí fèrèsé. Àlùkálì jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kò ròkè, débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ní láti na ọrùn kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ó mú kí bàbá mi búra. Ó wá bi í pé, "Ta ni ọkùnrin yìí sí ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ló tọ́ mi dàgbà."

"Ṣé ìjà wà láàárín yín?"

"Kò sí ìjà."

"Sọ ohun tó o rí."

Bàbá mi sọ ọ́. Kò gùn. Ó sọ ibi tí wọ́n dúró sí, ó sọ ohun tí Bàbá Àgbà fẹnu ara rẹ̀ wí, ó sọ fátíà tí wọ́n kà. Kò fi nǹkan kan kún un, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, Bàbá Àgbà ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àlùkálì bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ sí i. Ó ní òun kò ní. Nítorí pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló kù, wọ́n ní kí obìnrin oníwàrà ṣe àlùwàlá, kó wá búra ti ẹ̀rí náà lẹ́yìn. Ó búra. Omi àlùwàlá ń kán láti apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Àlùkálì ní ilẹ̀ náà di ti àwọn ọmọ òrukàn.

Nígbà tí Bàbá Àgbà ń jáde, iwájú wa ló gbà. Mo kúnlẹ̀. N kò tilẹ̀ rò ó, orúnkún mi ló mọ ohun tó máa ń ṣe bí mo bá ti rí i. Ó kọjá. Etí aṣọ rẹ̀ kan ojú mi. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí bàbá mi ní, "Dìde, ó ti lọ."

Kò sẹ́ni tó lé wa nílé. Mo fẹ́ kí èyí yé ènìyàn, nítorí àwọn tí mo ti sọ ìtàn yìí fún máa ń rò pé wọ́n da ẹrù wa síta. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò kàn dá wa lóhùn mọ́ ni. Ìyá mi á kúnlẹ̀ kí àwọn ìyálé ilé nídìí kànga, wọ́n á máa fa omi lọ. Àwọn ọmọ tí a jọ ń ṣeré á dákẹ́ bí mo bá dé. Iléyá dé, bàbá mi pa òbúkọ, ìyá mi pín ẹran sínú abọ́ mẹ́jọ, ó gbé wọn káàkiri agboolé. Abọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ padà wá tẹran-tẹran. Ìyá mi dín ẹran náà, a jẹ ẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí a ti mọ́sáláásí dé, bàbá mi rí i pé wọ́n ti fa igi òfì rẹ̀ tu. Wọn kò bà á jẹ́. Wọ́n to àwọn igi náà ti ògiri, wọ́n sì ká òwú rẹ̀ jọ dáadáa, wọ́n fi okùn dì í. Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́ òfì. Bàbá mi dúró wò ó díẹ̀, ó ní, "Àlámùdúlílà." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, a ti kó lọ sí yàrá méjì kan nítòsí Ọ̀fà Garage.

Ibẹ̀ kò dákẹ́ bí agboolé wa. Láti àárọ̀ ni àwọn awakọ̀ ti ń pe èrò, èéfín ọkọ̀ a sì máa wọ inú oúnjẹ. Bàbá mi ri òfì rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí iwájú ilé, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ó ń jí wa ní Àsùbáà bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń kọ́ wa ní kéú bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo kírun. Mo há gbogbo ohun tó ní kí n há sórí. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé pẹ́ títí tó fi kú. O mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ ni, o sì ń rí i, bí o bá fọwọ́ kàn án, o kò mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo pàdé Bàbá Àgbà láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ìyá mi rán mi lọ ra ẹ̀wà ní Ìpàtà, mo sì rí i níwájú àwọn tó ń ta ọkà bàbà. Ó ti hu irùngbọ̀n funfun. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá Àgbà, ẹ káàárọ̀." Ó wo òkè orí mi. Ó bi ẹni tó ń ta ọkà pé èló ni ó ń tà á, wọ́n dá a lóhùn, ó sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi, mo lọ ra ẹ̀wà. Mo tilẹ̀ ná an dáadáa. Nígbà tí mo délé, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún tí wọ́n yí ọ̀nà ọkọ̀ padà sí apá ọ̀tún, mo ti wà nílé ìwé àwọn olùkọ́. Ní kété tí mo jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ mi. Ọmọ ìdílé àáfà ni, inú bàbá mi sì dùn sí i. Àwọn ará ilé rẹ̀ lọ ṣe ìwádìí, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Wọ́n lọ sí agboolé wa, wọ́n béèrè bàbá mi. Àwọn ará ilé ní àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìdílé àáfà kò padà wá mọ́. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi. Ata ni mo ń lọ̀.

"Wọ́n ní wọn ò ṣe mọ́," ló wí. "Nítorí tèmi ni."

"Kò burú, Bàbá."

Ó dúró títí. Bóyá ó ń retí kí n sunkún. Mo lọ ata náà tán, mo ṣan ọlọ. Lóòótọ́, kò burú. Kò dára náà. Ohun kan kàn kọjá ni.

Akọ̀wé ìjọba ni ẹni tó padà fẹ́ mi. Bàbá tirẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wa, yàtọ̀ sí àbúrò mi tó ń bu omi fún èrò, ẹni mẹ́rin péré ló jókòó níhà tiwa: bàbá mi, àwọn ọkùnrin méjì láti mọ́sáláásí gáréèjì, àti àkọ́bí oníṣẹ́ awọ, tó ti di géńdé, tó sì ti jogún iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ibi tó yẹ kí àkọ́bí Bàbá Àgbà jókòó sí ló jókòó sí. Ìyá rẹ̀ gbé igbá wàrà ńlá kan wá, ó sì dúró ti ìyá mi nídìí ìkòkò láti òwúrọ̀ títí èrò fi túká. Ìyá mi ń dá a lóhùn, ó ń bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń wo ẹnu ọ̀nà ní gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá ń wọlé. Àwọn tó ń retí kò wá.

Adéwọlé ni èmi àti ọkọ mi ń gbé nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Bàbá Àgbà ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní àrùn ti rọ Bàbá Àgbà lápá kan, kò sì yé béèrè pé, "Ìyá mi dà?" Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ìyá tó bí i ló ń pè. Mo kọ́kọ́ gba Ọ̀fà Garage lọ bi bàbá mi bóyá kí n lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ló wí. "Lọ."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Kò pè mí."

Mo pọn ọmọ mi, mo lọ. Yàrá Bàbá Àgbà kò yí padà, òun ló yí padà. Ó kéré. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó gbé e lé mi lórí. Ọwọ́ náà fúyẹ́. Ó bi mí, pẹ̀lú ẹnu tó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé, "Ṣé ó ṣì ń hun aṣọ?"

"Ó ń hun, Bàbá."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ojú ti ń ṣe bàìbàì díẹ̀."

Ó pa ojú dé, mo rò pé ó ti sùn. Ó wá ní, "Sọ fún un kó má kọjú sí oòrùn mọ́ tó bá ń hun. Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún un."

Kò dárúkọ ilẹ̀, kò dárúkọ àlùkálì. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún bàbá mi bí ó ti rán mi gan-an. Bàbá mi ní, "Hẹ̀n-ẹ́n." Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo rí i pé ó ti yí òfì rẹ̀ padà, ẹ̀yìn ló kọ sí oòrùn. Síbẹ̀, kò lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá mi sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì, èmi sọ fún un lẹ́ẹ̀kan. Ohun kan náà ló ń wí: "Kò pè mí." Mo gbà pé òdodo ló wà lọ́wọ́ bàbá mi lọ́jọ́ ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ti àkókò yìí, n kò mọ orúkọ tí mo lè pè é.

Bàbá Àgbà kú kí oṣù náà tó parí. Bàbá mi lọ síbi ìsìnkú. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lé e, wọn kò sì ṣí àyè fún un. Ó dúró sí sàfú, ìlà àwọn tó ń kírun, tó kẹ́yìn pátápátá, láàárín àwọn tó jẹ́ pé wọ́n ń kọjá lọ ni wọ́n yà kírun sí òkú lára. Nígbà tí wọ́n gbé òkú lọ, ó tẹ̀ lé wọn láti òkèèrè. Èmi àti àwọn obìnrin wà nínú ilé. Gbogbo wọn ń sunkún. Mo bo ojú mi bíi tiwọn, nítorí kò yẹ kí ojú mi gbẹ láàárín wọn.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo lọ kí àwọn òbí mi. Bàbá mi jókòó nídìí òfì, ṣùgbọ́n kò hun nǹkan kan. Mo bi í léèrè ohun tí n kò bi í rí.

"Bàbá, ṣé ẹ kábàámọ̀ ẹ̀rí yẹn?"

"Rárá. Tí wọ́n bá tún pè mí lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni màá sọ."

"Ṣé kò dùn yín ni?"

"Ó ń dùn mí lójoojúmọ́," ló wí. "Pé nǹkan ń dun èèyàn ò sọ pé kò tọ́. Mo gbà pé ti Ọlọ́run ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó yẹ kí n ti lọ kí i. Ìgbéraga ló dá mi dúró, mi ò sì lè rí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún mọ́." Ó wá wò mí lójú. "Ìwọ ńkọ́? Báwo ló ṣe rí lára rẹ?"

"Kò burú, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó burú."

Mo ní, "Mo fẹ́ràn Bàbá Àgbà."

"Mo mọ̀."

"Mi ò lè sunkún nígbà tó kú."

"Ìyá rẹ ní o sọ fún òun." Ó ń fi ìka yí òwú kan ká ara rẹ̀. "Mo kọ́ ẹ̀yin ọmọ mi ní ìrun. Mo kọ́ yín kẹ́ ẹ má parọ́. Mo mú yín lọ sílé ẹjọ́ kẹ́ ẹ lè rí i. Láti ọjọ́ náà dé òní, mi ò bi ẹnì kankan nínú yín rí bí ara rẹ̀ ṣe rí. Mo rò pé tí mo bá ti ṣe ti Ọlọ́run tán, tiyín náà ti wà nínú rẹ̀."

N kò bínú sí i. Ìbínú gan-an ì bá ti dára.

Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, àwọn ọmọ oníṣẹ́ awọ ṣì wà lórí ilẹ̀ náà. Ṣọ́ọ̀bù bàtà wọn kọjú sí títì. Ìyá mi kò padà wọ agboolé wa títí ó fi kú.

Lọ́jọ́ tí èmi àti bàbá mi sọ̀rọ̀ nídìí òfì yẹn, ọmọ mi ti tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Bàbá mi ní kí n gbé e wá, kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó gbé wàláà, pátákó tí a fi ń kọ́ kéú, sí i níwájú, ó ń fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà, ọmọ náà ń pè é tẹ̀ lé e. Lẹ́tà mẹ́ta, mẹ́rin. Nígbà tí ó dé ìkarùn-ún, bàbá mi dúró. Ó tẹ orí ba, ó wo ojú ọmọ náà.

"Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́?" ló bi í.

Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi gbé wàláà sílẹ̀, ó sì jẹ́ kó lọ ṣeré.